Ọjọ́ ìkẹyìn ní Maldives títí dé ilé: aago, ẹrù, owó, àti ohun tó máa ń bá tọkọtaya lójijì

Arìnrìnàjò_Ìbàdàn (Ọjọ́ Ajé, 8:10 alẹ́)
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Tọkọtaya ni wá, erékùṣù ìgbafẹ́ kan ní Maldives la wà, bàlúù orí omi ló gbé wa débẹ̀. Ọjọ́bọ̀ là ń padà. Tíkẹ́ẹ̀tì wa rèé: kúrò ní Malé 22:50, dé Doha 01:35, kúrò ní Doha 07:30, dé Èkó 13:10 ọjọ́ Ẹtì. Láti Èkó, Ìbàdàn ló kù. Wọ́n ní ká jáde nínú yàrá ní 12:00 ọ̀sán. Ìmòòkùn kan ṣì kù nínú èyí tí a ti sanwó rẹ̀, a sì fẹ́ lò ó láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan náà. Kí ni ká ṣe, kí sì ni ká má ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ohunkóhun pamọ́.

Awẹ̀kun (Ọjọ́ Ajé, 8:32 alẹ́)
Ẹ kú ìgbádùn o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìmòòkùn kúrò nílẹ̀, torí nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ yìí, òun ló lè ṣe yín léṣe. Ẹ má fi sílíńdà wọ omi láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ rárá.

Afẹ́fẹ́ tí à ń mí láti inú sílíńdà nísàlẹ̀ omi ki ju ti òkè lọ, náítírójìn inú rẹ̀ a sì máa yòrò wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Ó máa ń gba wákàtí púpọ̀ kó tó rọra bá èémí jáde tán. Bí ènìyàn bá wọ bàlúù lọ sókè kó tó jáde tán, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ tó bo ara á dínkù, náítírójìn á wá hó nínú ara bí ìgbà tí a mi ìgò mínírà tí a sì ṣí ìdérí rẹ̀ lójijì. Oríkèé ríro, ara yíyún, òòyì, àti kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kú tipiri ni àmì rẹ̀. Lókè òkun, láàárín òru, kò sí dókítà tó lè tọ́jú rẹ̀ fún yín.

Ìmọ̀ràn DAN, àjọ tó ń rí sí ààbò àwọn amòòkùn, ni pé: ìmòòkùn ẹyọ kan tí kò la ìdúró ìtúlẹ̀ lọ (ìyẹn dídúró díẹ̀ lọ́nà òkè kí náítírójìn lè jáde), ó kéré tán wákàtí 12 kí ẹ tó fò, bí ẹ bá ti ń mòòkùn lọ́pọ̀ ìgbà tàbí ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé ara wọn, ó kéré tán wákàtí 18, èyí tó bá ní ìdúró ìtúlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ju 18 lọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ilé ìmòòkùn ní Maldives kì í bá yín jiyàn, 24 ni wọ́n ń lò. Ibi tí ẹ̀yin máa ti ṣi ìṣirò náà rèé: láti ìgbà tí bàlúù orí omi bá gbéra ni kí ẹ ti kà á, kì í ṣe láti 22:50. Bàlúù kékeré náà ń fò.

Ẹ lọ bá wọn lọ́la, kí wọ́n sún un sí àárọ̀ Ọjọ́rú. Bí àyè ò bá sí, ẹ ní kí wọ́n fi ìwẹ̀ ojú omi pààrọ̀ rẹ̀, èyí tí a máa ń fi ìbòjú àti ọ̀pá ìmí wẹ̀. Ìyẹn ò ní sílíńdà, kò sì ní wákàtí tí ẹ máa dúró kí ẹ tó fò, ẹ lè wẹ̀ títí di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ palẹ̀ ẹrù mọ́. Bí ọ̀fìnkìn bá sì ń ṣe ẹnikẹ́ni nínú yín, kó má mòòkùn rárá, ní Ọjọ́rú náà pẹ̀lú. Etí tó dí lábẹ́ omi á tún ro ó ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí bàlúù bá ń balẹ̀.

Màmá_Tíkẹ́ẹ̀tì (Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́)
Ọmọ mi, láti ẹ̀yìn ni kí ẹ ti máa ka aago ọjọ́ yẹn bọ̀. Ẹ mú 22:50, ẹ yọ wákàtí 3. Ìyẹn 19:50, ìgbà tí wọ́n sábà máa ń ṣí ibi tí a ti ń gba ẹrù. Gbogbo ohun tó kù, ìgbà tí bàlúù orí omi lè fò ló ń pàṣẹ lé e lórí.

Bàlúù orí omi kì í fò lóru. Ojú ni awakọ̀ fi ń wo omi tó fẹ́ bà lé, kò sí iná lójú òkun. Nítorí náà, àwọn tí bàlúù ńlá wọn bá ń gbéra ní Malé láàárọ̀ kùtùkùtù gbọ́dọ̀ kúrò ní erékùṣù ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n sùn sí Hulhumalé, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀. Àwọn tiyín tó jẹ́ alẹ́, ẹ̀ ń bọ̀ lọ́sàn-án, ẹ ó sì dúró pẹ́ ní Malé. Ẹ fi sọ́kàn láti ìsinsìnyí, kó má baà dà bí ìyà lọ́jọ́ náà.

Ẹ kò lè yan aago. Ilé iṣẹ́ bàlúù ló ń to ìrìn gbogbo erékùṣù pọ̀, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n sì máa ń fi aago ránṣẹ́ sí ilé ìgbafẹ́. Ẹ óò gba ìwé kékeré kan ní yàrá tàbí ìfiránṣẹ́ lórí fóònù. Bí ó bá di agogo mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́rú tí ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan, ẹ lọ bá àwọn tó wà níbi ìgbàlejò fúnra yín. Ẹ má sùn lé e.

Ẹ tún bi wọ́n léèrè: aago ta ni wọ́n ń kà?

Arìnrìnàjò_Ìbàdàn (Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́)
Ẹ ṣeun, Màmá. Aago ta ni báwo? Aago kan náà kọ́ ni gbogbo Maldives?

Màmá_Tíkẹ́ẹ̀tì (Ọjọ́ Ajé, 9:31 alẹ́)
Aago ìjọba Maldives fi wákàtí 4 ṣáájú ti Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ìgbafẹ́ kan máa ń tún fi wákàtí 1 kún tiwọn, kí oòrùn lè pẹ́ wọ̀ lójú àlejò. Aago ara ògiri yàrá á wá sọ pé 3:00, fóònù yín á sọ pé 2:00, torí ti Malé ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbé wá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya ti ń ṣìnà. Ìwé bàlúù orí omi lè wà ní aago erékùṣù, tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù ńlá sì wà ní ti Malé. Ẹ kọ méjèèjì sórí bébà kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ẹlẹ́rù (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀)
Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Ẹrù ni tèmi.

Ilé iṣẹ́ bàlúù ńlá tó ń bọ̀ ní Nàìjíríà sábà máa ń fún èrò ní báàgì méjì tó jẹ́ kílò 23 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàlúù orí omi ò mọ ìyẹn. Kílò 20 fún ẹrù inú, kílò 5 fún ẹrù ọwọ́, lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, ohun tó bá lé, kílò kílò ni wọ́n ń gbowó rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbowó àfikún lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ̀ ń lọ, ẹ wá rìsíìtì rẹ̀ jáde kí ẹ bi wọ́n bóyá ó ka àbọ̀ náà mọ́ ọn. Fún ẹlòmíì tó ń ka èyí tí kò tíì lọ: ibi ìfẹrùpamọ́ wà ní pápákọ̀ Malé, ẹ kó aṣọ ìnáwó àti bàtà gíga síbẹ̀, ẹ gba erékùṣù lọ pẹ̀lú báàgì kan.

Aṣọ ìwẹ̀ ni olè kílò. Táwẹ́lì òkun, aṣọ ìwẹ̀ méjì àti bàtà rọ́bà tó ṣì ní omi lára lè fi bíi kílò méjì kún ẹrù, wọ́n á sì ti máa rùn kí ẹ tó dé Doha. Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ẹ fún wọn, ẹ ká wọn sínú táwẹ́lì gbígbẹ kan kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ sá wọn síbi tí afẹ́fẹ́ fáànù ń fẹ́ sí. Inú balùwẹ̀ kọ́ o, ọ̀rinrin ibẹ̀ kì í jẹ́ kó gbẹ.

Ọ̀nà tí ẹ máa gbà dì í: ẹ di báàgì ńlá tán ní alẹ́ Ọjọ́rú, kí ẹ fi báàgì kékeré kan sílẹ̀ fún ọjọ́ ìkẹyìn. Kí ló máa wà nínú rẹ̀? Aṣọ tí ẹ máa wọ̀ bọ̀ wálé, súwẹ́tà (Doha tutù nínú ju bí ẹ ṣe rò lọ), oògùn, ìwé ìrìnnà, yẹ́lò káàdì, ṣájà, àti àpò ọ̀rá líle kan fún aṣọ ìwẹ̀ tí ẹ bá wẹ̀ kẹ́yìn. Ìdí tí oògùn fi gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ni pé bí bàlúù orí omi bá ti wúwo jù, wọ́n lè fi ẹrù yín sí bàlúù tó tẹ̀ lé e. Ó máa ń dé, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́.

Ṣájà: ihò iná Maldives àti ti Nàìjíríà bára mu, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà. Torí pé ẹ ò lo àdápútà kankan, kò sí ohun tó máa rán yín létí, ògiri ni ṣájà á gbé. Ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì méjèèjì wò, kí ẹ yẹ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n wò pẹ̀lú. Kí ẹ má baà gbàgbé ohun inú àpótí ìpamọ́ tó ní nọ́ńbà, ẹ fi ẹsẹ̀ kan nínú bàtà tí ẹ máa wọ̀ sínú rẹ̀ lálẹ́. Kò sí ẹni tó máa fi ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo jáde.

Onílẹ̀kùn_Iná (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:02 àárọ̀)
Kí n fi ti bátìrì kún ti Ẹlẹ́rù. Power bank kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù tí ẹ máa fà lé wọn lọ́wọ́. Ẹrù ọwọ́ ni ibùgbé rẹ̀, torí bí ó bá gbiná lókè, wọ́n lè rí i kí wọ́n pa á. Tó bá wà nísàlẹ̀ bàlúù, kò sẹ́ni tó máa rí i. Wọ́n á fi ẹ̀rọ yẹ ẹrù yín wò ní Malé, tí wọ́n bá rí i wọ́n á pè yín padà láti ṣí báàgì, ẹ óò sì pàdánù àkókò.

Wh 100 (watt-hour, ìwọ̀n agbára iná inú bátìrì) ni òpin ohun tí a lè gbé láìgba àṣẹ. Bí wọ́n ò bá kọ Wh sára rẹ̀, ẹ mú nọ́ńbà mAh tó wà lára rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.7, kí ẹ pín in sí 1000. 20,000 mAh jẹ́ Wh 74, ó lọ. 30,000 mAh jẹ́ Wh 111, ìyẹn nílò àṣẹ ilé iṣẹ́ bàlúù. Èyí tí òǹkà ara rẹ̀ ti parẹ́, wọ́n lè gbà á. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ò sì fẹ́ kí ẹ lò ó rárá nínú bàlúù. Emirates ti fòfin de lílò rẹ̀ láti 1 Oṣù Kẹwàá 2025, ẹyọ kan péré ni wọ́n sì ń jẹ́ kí èrò gbé. Nítorí náà ẹ gba iná sínú fóònù dáadáa kí ẹ tó wọlé. Iná tọ́ọ̀ṣì ìmòòkùn náà, ẹ yọ bátìrì rẹ̀ kúrò.

Akọ̀wé_Owó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:40 àárọ̀)
Bíìlì. Ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín ní alẹ́ Ọjọ́rú, kì í ṣe àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Láàárọ̀, gbogbo àlejò tó ń lọ ló máa tò síbẹ̀, èyí tó kù sì ni pé ẹ̀ ń kánjú, ẹ kàn máa bu ọwọ́ lù ú. Ẹ jókòó, kí ọ̀kan máa ka ìlà, kí ìkejì máa wo rìsíìtì tí ẹ ti tọ́jú.

Ohun tí ẹ máa rí:
Owó Green Tax, owó orí tí ìjọba Maldives ń gbà lọ́wọ́ àlejò, jẹ́ dọ́là 12 lórí ẹnì kan fún òru kan ní ilé ìgbafẹ́ láti Oṣù Kínní 2025. Ẹni méjì fún òru 6 jẹ́ dọ́là 144. Bí ẹ bá ti san án mọ́ owó yàrá fún aṣojú tó bá yín ṣètò, kò gbọ́dọ̀ tún jáde. Ibi tí wọ́n ti sábà máa ń kà á lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, ẹ mú ìwé ìsanwó yín dání.
Lórí oúnjẹ àti ìgbafẹ́ tí wọ́n kọ àmì àròpọ̀ méjì (++) sí, wọ́n á kọ́kọ́ fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún iṣẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n á wá fi owó orí ìjọba, tó di ìdá 17 láti 1 Oṣù Keje 2025, lé àpapọ̀ yẹn. Oúnjẹ dọ́là 100 á di 110, á wá di 128.70. Kì í ṣe jìbìtì, ìṣirò ni, ṣùgbọ́n ó ń ba ẹni tí kò mọ̀ lẹ́rù.
Ohun inú fíríìjì yàrá: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú òṣìṣẹ́ kó tó di pé ẹ jáde.

Bí ẹ bá wà lórí ètò tí oúnjẹ àti ohun mímu ti wọ owó rẹ̀, ẹ béèrè ìgbà tó dópin. Ní ilé ìgbafẹ́ kan, 12:00 ọ̀sán tí ẹ fi yàrá sílẹ̀ ni ó parí, oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ yẹn di tìtà. Níbòmíràn, títí ẹ ó fi wọ bàlúù. Ìdáhùn rẹ̀ ló máa sọ bóyá ẹ máa jẹun ní 11:30 tàbí 1:30.

Káàdì: owó tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ lórí káàdì yín nígbà tí ẹ dé kì í ṣe owó tí wọ́n ti gbà. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tú u sílẹ̀ lójú yín, kí ẹ sì gba ìwé rẹ̀. Báńkì lè lo ọjọ́ mélòó kan kó tó padà hàn. Bí ẹ̀rọ POS bá bi yín bóyá náírà tàbí dọ́là, ẹ mú dọ́là, torí iye tí ẹ̀rọ náà máa fi ṣẹ́ náírà kì í ṣe ti báńkì yín. Káàdì àkáǹtì dọ́là ló dára jù. Ti náírà ní gbèdéke, ó sì lè kọ̀ nígbà tí ẹ nílò rẹ̀.

Ọmọ_Etíkun (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:15 àárọ̀)
Ẹ má gbàgbé láti mú owó dọ́là lọ́wọ́ fún owó ìjáde ní pápákọ̀ o. Lẹ́nìkọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń san án níbi káńtà.

Akọ̀wé_Owó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:28 àárọ̀)
Rárá, ẹ̀gbọ́n, inú tíkẹ́ẹ̀tì ni owó ìjáde wà. Lóòótọ́ ni pé ó ti gòkè, láti Oṣù Kejìlá 2024 ó di dọ́là 50 fún àjèjì tó jókòó ní àyè gbogboògbò, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ bàlúù ló ń gbà á ní ìgbà tí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san án fún òun lọ́wọ́, ẹ má ṣe fún un. Dọ́là kéékèèké tí ẹ bá mú dání, kó jẹ́ ti omi, oúnjẹ àti takisí. Owó Maldives tó kù lọ́wọ́ yín, rufiyaa, ẹ ná an tàbí kí ẹ ṣẹ́ ẹ kí ẹ tó kọjá. Ní Èkó kò sẹ́ni tó máa gbà á.

Ọmọ_Etíkun (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:33 àárọ̀)
Mo dúpẹ́, mo gbà.

Ìwé_Ìrìnnà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:20 ọ̀sán)
Fọ́ọ̀mù IMUGA, èyí tí arìnrìnàjò ń kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìmígírésọ̀n Maldives. Ẹ kọ ọ́ nígbà tí ẹ wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ tún kọ ọ́ kí ẹ tó jáde, láàárín wákàtí 96 ṣáájú bàlúù yín. Ọkọ kọ tirẹ̀, aya kọ tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ojú-òpó ilé iṣẹ́ ìmígírésọ̀n Maldives ló wà. Ojú-òpó tó bá béèrè owó, ayédèrú ni. Ẹ ya àwòrán kóòdù tó bá fún yín sórí fóònù méjèèjì. Ẹ ṣe é ní Ọjọ́rú níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé ìgbafẹ́ ti dára, ẹ má dúró de ti pápákọ̀.

Bí aya bá ń lo orúkọ ìdílé ọkọ lórí tíkẹ́ẹ̀tì, tí ìwé ìrìnnà ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú ilé iṣẹ́ bàlúù lónìí. Òpin ni orúkọ inú ìwé ìrìnnà. Ìwé ìgbéyàwó lásán kì í tó.

Yẹ́lò káàdì tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ wọ Maldives, ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìrìnnà. Nàìjíríà náà lè béèrè rẹ̀.

Bí ẹ bá gbé ọtí wọlé tí aṣọ́bodè sì gbà á pamọ́ ní Malé, ìwé tí wọ́n fún yín ni ẹ máa fi gbà á padà. Láìsí ìwé yẹn, ẹ gbà pé ó ti lọ.

Ìyá_Oníyùn (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:45 ọ̀sán)
Ẹ jọ̀wọ́, nítorí àwọn ìyàwó ilé Yorùbá ni mo ṣe fẹ́ sọ èyí. Iyùn inú òkun ní Maldives, pàápàá èyí tó dúdú, òfin ò gbà kí ẹ gbé e jáde. Ohun tí wọ́n fi karawun ìjàpá òkun ṣe náà kò gbọdọ̀ jáde. Ìkaraun àti yanrìn tí ẹ ṣà létí òkun, ẹ dá a padà síbẹ̀. Aṣọ́bodè ń yẹ ẹrù wò, wọ́n á gbà á, ó sì lè di ẹjọ́.

Bí ó bá jẹ́ iyùn ìgbéyàwó tiyín lẹ mú wá láti ilé, ẹ fi sínú ẹrù ọwọ́, kí ẹ ní àwòrán ọjọ́ ìgbéyàwó lórí fóònù níbi tí ó ti hàn lọ́rùn yín. Ó rọrùn ju àlàyé lọ.

Ẹ̀bùn tó dára tí kò sì ní wàhálà: ẹní tí wọ́n ń fi koríko hun tí wọ́n ń pè ní kunaa, àti àwo igi tí wọ́n kùn ní pupa, dúdú àti yẹ́lò. Òróró àgbọn wà náà, ṣùgbọ́n omi ni. Tó bá ju mílílítà 100 lọ, inú ẹrù ńlá ni kí ó wà, nínú ọ̀rá méjì tí ẹ so. Lọ́fínńdà tí ẹ bá rà ní Malé lẹ́yìn àyẹ̀wò, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sínú àpò tí wọ́n lẹ̀ pa pẹ̀lú rìsíìtì, ẹ má ṣí i títí ẹ ó fi dé Èkó. Wọ́n máa tún yẹ̀ yín wò ní Doha.

Awẹ̀kun (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:10 ọ̀sán)
Nípa bàlúù orí omi náà: kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ lọ kí ẹ tó bọ́ sórí pèpéle ojú omi. Ó ń pariwo gan-an, ẹ fi ohun ìdítí sí etí. Ooru máa ń mú nínú rẹ̀, ẹ má wọ súwẹ́tà yẹn sílẹ̀. Sílípáàsì ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe bàtà aláwọ, torí omi máa ń ta sórí pèpéle. Ó sì lè yà sí erékùṣù kan tàbí méjì láti gbé èrò, nítorí náà ìrìn ìṣẹ́jú 30 lè di wákàtí kan. Láti Oṣù Karùn-ún títí dé ìparí Oṣù Kẹwàá ni afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn-gúúsù ń fẹ́, òjò àti ìgbì sì máa ń dá a dúró. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, bí ilé ìgbafẹ́ bá ní ẹ̀ẹ́ tètè lọ, ẹ gbà fún wọn.

Màmá_Tíkẹ́ẹ̀tì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:00 ìrọ̀lẹ́)
Bí ìjì bá dá yín dúró ní erékùṣù tí aago sì ń lọ, ẹ pe ilé iṣẹ́ bàlúù ńlá kó tó di ìgbà tí bàlúù gbéra. Ẹni tí kò yọjú, tí kò sì sọ̀rọ̀, wọ́n lè fagi lé gbogbo ìrìn tó kù lórí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, títí kan Doha sí Èkó. Ẹ gba ìwé láti ọwọ́ ilé ìgbafẹ́ pé ojú ọjọ́ ló fà á. Àwọn aṣètò ìbánigbófò á béèrè rẹ̀.

Ní Malé, ẹ máa gba ẹrù yín fúnra yín níbùdó bàlúù orí omi, bọ́ọ̀sì á gbé yín lọ sí ibùdó èrò ńlá, ẹ óò sì tún fà á lé wọn lọ́wọ́. Ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá so mọ́ ọn: LOS (Èkó) ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ibùdó ìkẹyìn. Bí ó bá jẹ́ DOH (Doha) nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ má kúrò níwájú káńtà. Ẹ ya àwòrán báàgì àti lébẹ́ẹ̀lì náà.

Ti oorun: 22:50 Malé sí 13:10 Èkó dà bíi wákàtí 14 lójú, ṣùgbọ́n wákàtí 18 àti ìṣẹ́jú 20 ni, torí aago ń padà sẹ́yìn. Ẹ sùn láti Malé sí Doha, kí ẹ má dúró de oúnjẹ òru. Ní Doha ẹ ní nǹkan bíi wákàtí 6, ẹ rìn, kí ẹ má jókòó sójú kan. Nínú bàlúù kejì, ẹ máa mu omi, ẹ máa na ẹsẹ̀ ní wákàtí méjì méjì, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí iṣan ẹsẹ̀. Ẹni tó bá sì ti jóná sí oòrùn, kó wọ aṣọ òwú tó fẹ̀. Okùn ìjókòó á ha á lára.

Ọ̀nà_Márosẹ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:25 alẹ́)
Ọjọ́ Ẹtì ni ẹ̀ ń balẹ̀, 13:10. Ẹ wo kàlẹ́ńdà: bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, ìpàdé òru ń bẹ ní Redemption City, láti ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ sì ti máa ń dí lọ́nà Èkó sí Ìbàdàn ní àyíká Ìbafọ̀ àti Mowé. Ìmígírésọ̀n àti ẹrù lè gba wákàtí kan sí méjì, ẹ óò kúrò ní Ìkẹjà ní nǹkan bíi 15:00, ẹ ó sì wọ inú rẹ̀ gan-an. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sùn sí Ìkẹjà, kí ẹ lọ láàárọ̀ Àbámẹ́ta.

Rélùwéè ń lọ láti Ebute Metta, ó ń dúró ní Agége, ó sì parí sí Móníyà. Ọ̀nà tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ tí bàlúù ń balẹ̀. Bàlúù tó pẹ́ wákàtí kan ti sọ ọ́ di owó àdánù. Ẹ bá awakọ̀ tí ẹ mọ̀ ṣàdéhùn, ẹ gba nọ́ńbà ọkọ̀ àti àwòrán rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ má sì tẹ̀ lé ẹni tó bá wá gba báàgì lọ́wọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà.

Bí báàgì kan kò bá yọ lórí bẹ́líìtì, ẹ má jáde. Ẹ lọ sí káńtà ilé iṣẹ́ bàlúù nínú gbọ̀ngàn yẹn, ẹ kọ ìwé àkọsílẹ̀ ẹrù, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀. Lábẹ́ àdéhùn Montreal 1999, ẹrù tó bàjẹ́, ọjọ́ 7 lẹ ní láti kọ̀wé ẹ̀sùn; ẹrù tó pẹ́ dé, ọjọ́ 21 láti ìgbà tí wọ́n fi lé yín lọ́wọ́. Ẹ tọ́jú rìsíìtì aṣọ àti ọṣẹ tí ẹ bá rà nígbà tí ẹ̀ ń dúró.

Nọ́ọ̀sì_Móníyà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:50 alẹ́)
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka eléyìí dáadáa. Kò sí ibà malaria ní Maldives, Àjọ Ìlera Àgbáyé fún wọn níwèé ẹ̀rí rẹ̀ ní 2015. Ṣùgbọ́n ibà dẹ́ńgì ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀fọn tó ń jẹ ènìyàn lọ́sàn-án ló ń kó o ràn. Bí ara ọ̀kan nínú yín bá gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ bá délé, ohun tí gbogbo ilé máa sọ ni pé ibà ni, kẹ́ ẹ lo oògùn ibà. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí ẹ sọ fún dókítà pé Maldives lẹ ti ń bọ̀. Kí èsì tó jáde, paracetamol nìkan. Kò gbọdọ̀ jẹ́ aspirin, kò gbọdọ̀ jẹ́ ibuprofen, torí dẹ́ńgì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà, àwọn oògùn yẹn á sì dá kún un. Ẹ̀yìn ojú tó ń dunni, egungun tó ń ro bí ẹni pé wọ́n lù ú, ara tó ń pọ́n: àmì rẹ̀ nìyẹn. Bí inú rírun, èébì àìdá tàbí ẹ̀jẹ̀ láti imú bá dé nígbà tí ara gbígbóná ń lọ sílẹ̀, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Arìnrìnàjò_Ìbàdàn (Ọjọ́rú, 9:15 alẹ́)
Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Wọ́n sún ìmòòkùn sí àárọ̀ yìí, 10:05 la jáde lómi, ní aago erékùṣù. Aago erékùṣù fi wákàtí 1 ṣáájú ti Malé lóòótọ́. Ìwé bàlúù orí omi ti dé: 15:20 aago erékùṣù, ọ̀la. Wọ́n rí Green Tax lẹ́ẹ̀mejì nínú bíìlì, wọ́n ti yọ ọ́. Kí la máa fi wákàtí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe ní Malé?

Màmá_Tíkẹ́ẹ̀tì (Ọjọ́rú, 9:27 alẹ́)
15:20 tiyín jẹ́ 14:20 ti Malé. Ẹ óò wà ní pápákọ̀ ní nǹkan bíi 15:15 sí 15:30, káńtà ò ní ṣí títí 19:50. Bí ilé ìgbafẹ́ yín bá ní yàrá ìdúró níbùdó bàlúù orí omi, ẹ lò ó. Bí kò bá sí, ẹ kó ẹrù sí ibi ìpamọ́, kí ẹ gba bọ́ọ̀sì tàbí takisí lọ sí Hulhumalé, ilẹ̀ so ó mọ́ pápákọ̀, ẹ ò nílò ọkọ̀ ojú omi. Ìlú tí ènìyàn ń gbé ni, kì í ṣe ilé ìgbafẹ́: aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún, kò sí ọtí, ẹ má wọ aṣọ ìwẹ̀ rìn ní títì. Ẹ jẹun níbẹ̀, ó dínwó sí ti pápákọ̀. 19:15, kí ẹ ti máa padà.

Awẹ̀kun (Ọjọ́rú, 9:34 alẹ́)
10:05 òní sí 15:20 ọ̀la jẹ́ wákàtí 29 àti ìṣẹ́jú 15. Ẹ lè fò. Ẹ sáà ti sá aṣọ ìmòòkùn yẹn síta ní alẹ́ yìí.

Arìnrìnàjò_Ìbàdàn (Ọjọ́rú, 9:41 alẹ́)
Ó ti wà níwájú fáànù.